Ọta Mẹ́ta, Ọ̀bẹ Kan

Ọdún tí Ìyá Àgbà kọ oúnjẹ ni mo tó mọ̀ pé bàbá mi, tí wọ́n ń ta ọta ìbọn jẹun, kò fi ọwọ́ ara wọn pa ohun ẹlẹ́mìí kankan rí. Ọmọdé ni mí, mo rò pé bí ẹni tó ń ta bàtà ṣe ń wọ bàtà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ta ọta ṣe ń yìnbọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi mọ ọta bí alágbàfọ̀ ṣe mọ aṣọ: kò sí ibi tí wọn ò mọ̀ lára rẹ̀, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń wọ̀ ọ́ lọ sóde. Kokomlemle ní Accra ni à ń gbé nígbà náà, nínú àgbàlá kan tí ẹ̀rọ omi wà láàárín rẹ̀, tí gbogbo ojúlé sì kọjú sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ó ti gbọ́ ìpè àdúrà, a ó gbọ́ bàtà bàbá mi tó ń wọ́ lọ sídìí omi, lẹ́yìn náà ni obìnrin ará Ga tó wà lójúlé ẹnu ọ̀nà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, nínú ìkòkò ńlá. Lọ́sàn-án, odó fúfú ló ń sọ̀rọ̀; nírọ̀lẹ́, rédíò ojúlé kan á máa bá ti ìkejì jà. Àwọn ará àgbàlá ń pè wá ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, kì í ṣe èébú lẹ́nu wọn, orúkọ wa ni wọ́n fi ṣe. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀ ìdí ẹ̀rọ, kí n ṣa òkúta inú ìrẹsì, kí n sì gbé omi gbígbóná fún Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí yàrá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà ní Adabraka. Wọ́n ń ta àdá níbẹ̀, wọ́n ń ta ìwọ̀ ẹja, pàkúté, bàtà òjò, àti iná tí ọdẹ ń so mọ́ iwájú orí. Ṣùgbọ́n ọta ló ń mú ojú wọn dán, èyí tí wọ́n ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, tí ìwé àṣẹ ọlọ́pàá sì wà lára ògiri lókè rẹ̀. Ọta kankan kì í wọ ilé wa. Ìkarahun èyí tí wọ́n ti yìn nìkan ni wọ́n tò sórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé òdòdó oníke sí. Bàbá mi fún wọn lórúkọ bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ. Èyí tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn, tó jẹ́ ti ìbọn ńlá ọlọ́ta kan, ni Arìnnàjò. Èyí tí kò ju oríkèé ìka ọmọdé lọ, ti ìbọn kékeré, ni Kúkúrú. Èyí tó sanra, tí ara rẹ̀ jẹ́ ike pupa, tí ọta wẹ́wẹ́ máa ń kún inú rẹ̀ bíi hóró ọkà bàbà, ni Ọlọ́mọyọyọ.

Bí oníbàárà bá wọlé tó ní, “Alhaji, èwo ló dára jù?” bàbá mi á fa àga fún un, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní tán lórí ìdúró. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọn ọta. Ṣé ó tọ́? Ṣé ó jìnnà? Ṣé ó ń ṣe iṣẹ́ tí a rán an? Ọlọ́mọyọyọ, wọ́n á ní, kò tọ́, ó kàn pọ̀ ni. Bí ẹran bá wà nítòsí, ó dára. Bí ẹran bá sún sẹ́yìn díẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti fọ́n ká, ọ̀kan á bà lójú ewé, ọ̀kan á bà lẹ́sẹ̀ ẹran, àwọn tó kù á wọlẹ̀ lọ. Kúkúrú tọ́, kì í pariwo, kì í ti èjìká ẹni, ṣùgbọ́n ó tètè ń rẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ lásán lè tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Arìnnàjò nìkan ló yege nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń lọ jìnnà láì tẹ̀, ibi tí a bá wò ló ń lọ, ohun tó bá sì bà kì í dìde mọ́. Mo lè ka ọ̀rọ̀ yìí láìwòwé nígbà tí n kò tíì lè ka Yásínì tán. Mo dàgbà báyìí, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi ọkùnrin tó ń fi irú ìtara yẹn sọ̀rọ̀ mọ́tò, bọ́ọ̀lù àti òṣèlú. Nínú gbogbo wọn, bàbá mi nìkan ni mo rí tó ń fi rúlà ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn.

Rúlà ni mo wí, òótọ́ sì ni. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tó ń jẹ́ Kofí, ọdẹ ni, ó ń ṣọ́ oko màlúù olówó kan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn Dodowa, ìbọn mẹ́ta tí olówó náà gba ìwé àṣẹ fún sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì, bàbá mi á wọ trotro, ọkọ̀ akérò wọn, lọ bá a. Kofí á gbé páálí mílíìkì kọ́ ara òkìtì ilẹ̀, á yin ọta sí i láti ìtòsí, á sún sẹ́yìn, á tún yìn ín, títí páálí á fi kéré lójú. Kofí ló ń yìnbọn, bàbá mi ló ń fi rúlà wọn ihò. Páálí wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé wálé nírọ̀lẹ́ tí wọ́n á fi ìṣó kan wọn mọ́ ògiri pálọ̀, ihò Arìnnàjò lọ́tọ̀, ihò Kúkúrú lọ́tọ̀. Èmi ni mo ń bá wọn ka ihò Ọlọ́mọyọyọ, torí ojú mi mú. Bí páálí bá ti pọ̀ jù, ìyá mi á yọ díẹ̀ kúrò, wọ́n á máa fi fẹ́ iná èédú. Wọ́n á fẹ́ ẹ fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ á máa gba inú ihò jáde. “Alhaji, ẹ bá mi bi ọ̀rẹ́ yín bóyá ó lè máa tàsé nígbà míì,” ni ìyá mi á wí, “kí n lè rí iná dá.” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ra abẹ̀bẹ̀ tuntun tí a kò ní rí mọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Nígbà ọyẹ́ ọdún tí mò ń sọ yìí ni ibà kọlu Ìyá Àgbà. A gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n dá wọn dúró síbẹ̀, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, ara wọn sì balẹ̀. Dókítà sọ fún bàbá mi pé àìsàn ti lọ, pé ebi ló kù, kí a rí i dájú pé wọ́n jẹun, pàápàá ohun tó lè fún wọn lẹ́jẹ̀. Ọ̀rọ̀ rọrùn lẹ́nu dókítà. Ìyá Àgbà kò jẹ ẹja, wọ́n ní ó ń rùn. Wọn kò jẹ adìẹ, wọ́n ní bíi koríko ló rí lẹ́nu wọn. Ìyá mi se ẹ̀wà, wọ́n ro ọ̀gì, wọ́n lọ ra waakye, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, lọ́wọ́ obìnrin tí Ìyá Àgbà fẹ́ràn jù, tí ewé rẹ̀ ṣì ń rú èéfín. Ìyá Àgbà á mu ṣíbí méjì ọ̀gì, wọ́n á kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbà kan wà lọ́wọ́ òsì wọn láti ìgbà ìyàwó, èyí tí a kì í lè bọ́ tí a kò bá fi ọṣẹ pa á lára. Nígbà tó yá, mo rí i tó yọ̀ láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá bí wọ́n ṣe gbé ọwọ́ sókè láti ṣe àdúà. Bàbá mi náà rí i. Wọ́n jáde lọ dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ omi bí ẹni tó ń dúró de garawa ẹlòmíràn kó kún.

Ọjọ́ kejì ni Ìyá Àgbà fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n lè jẹ. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn, mò ń nu ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, “Rísí, sọ fún bàbá rẹ pé òyà ló ń wù mí. Òyà inú koríko. Òyà bí èyí tí bàbá mi máa ń gbé wálé ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí wọ́n bá ti fi iná sun igbó.” Mo sáré lọ sọ ọ́. Inú bàbá mi dùn débi pé wọ́n rẹ́rìn-ín sókè. Ta ni kò mọ òyà ní Accra? Akrantie ni wọ́n ń pè é, ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń nà án sókè sí àwọn onímọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé tọ Ìyá Àgbà lọ, wọ́n bá ìyókù ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

“Kì í ṣe ti ẹ̀bá títì o, Súlè,” ni Ìyá Àgbà wí. Súlè ni wọ́n ń pe bàbá mi, àwọn nìkan ló sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. “Mi ò mọ ohun tó pa ìyẹn. Ẹran tí wọn ò bá dúńbú rẹ̀ nígbà tó ṣì ń mí, òkúǹbete ni, mi ò jẹ òkúǹbete rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ẹni tó bá yìnbọn fún un kò kàn mí. Ẹni tó gbé ọ̀bẹ lé e lọ́rùn ló kàn mí, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ẹni tí mo mọ̀.”

“Ìyá, a lè rí èyí tí wọ́n ń sìn nínú ilé,” ni bàbá mi wí. “Mo mọ ọkùnrin kan ní Madina.”

“Èyí tí wọ́n ń fi búrẹ́dì bọ́? Ehoro nìyẹn. Mo ní òyà.”

Bàbá mi ránṣẹ́ pe Kofí. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó jókòó sí àga pálọ̀ lábẹ́ páálí tirẹ̀. Twi ni òun àti bàbá mi ń sọ, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ àti Yorùbá tí Kofí kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi kọ́kọ́ dábàá pàkúté. Kofí mi orí, ó ní okùn pàkúté máa ń fún òyà pa kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ni màmá fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ìbọn ló kù. Òyà tí wọ́n bá yìn á ṣubú, bàbá mi á sáré bá a pẹ̀lú ọ̀bẹ kí èémí tó bọ́. Bàbá mi ní kò burú, Arìnnàjò ni kí wọ́n lò. Kofí wò wọ́n. “Alhaji, mepa wo kyɛw,” ó ní, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ń bẹ̀ wọ́n, “Arìnnàjò fún akrantie? Ìyẹn le jù fún un.” Bàbá mi nawọ́ sí ògiri. Wọ́n ní kí Kofí wo ihò, kí ó wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn, láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ọwọ́ bá ti dá ibi tó ń lọ mọ̀, a lè yìn ín sí itan ẹ̀yìn, ẹran á ṣubú, kò ní kú. Kofí kò bá wọn jiyàn mọ́. Ó mọ̀ pé a kì í bá olódò jiyàn ìjìnlẹ̀ odò rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ. A retí wọn títí oòrùn fi rọ̀. Ìyá mi ti lọ ata, wọ́n ti gé àlùbọ́sà, wọ́n ti tò ó sí ẹ̀gbẹ́ iná. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà dún, Kofí ló kọ́kọ́ wọlé, ó gbé àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́. Bàbá mi tẹ̀ lé e, eérú koríko jíjó gba ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún, aṣọ wọn ti ya lápá. Ọ̀bẹ wà nínú àkọ̀, ó mọ́ tónítóní. “Akrantie no awu dada,” ni Kofí sọ fún ìyá mi. Òyà náà ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kofí ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí bàbá mi jókòó, wọ́n ń bọ́ bàtà. Ó ní ibi tí wọ́n dúró sí jìnnà, torí bàbá mi fẹ́ kí òyà má gbọ́ wọn. Ó ní ọta náà lọ bí wọ́n ṣe sọ pé yóò lọ, tààrà, itan ẹ̀yìn náà ló sì bà. Ṣùgbọ́n bí ohun tó ń pa ẹranko ńlá bá bà á nítan, gbogbo ara rẹ̀ ló bà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbòòrò ló wà láàárín àwọn àti ẹran, kùkùté koríko jíjó kún un, ara Alhaji kò sì kéré. Wọ́n sáré, wọ́n ṣubú, wọ́n dìde, wọ́n tún sáré. Ọta ti dé tipẹ́, ọ̀bẹ ṣì wà lójú ọ̀nà. Mo rántí pé bàbá mi gbójú sókè níbẹ̀. Wọ́n ní, “Mo ti fi rúlà wọn gbogbo nǹkan tó wà lára ọta yẹn. Bí ó bá ṣe lọ jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi á ṣe sáré tó. Mi ò wọn ìyẹn.” Ohùn wọn balẹ̀, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta àdá.

Ìyá mi ṣí àpò náà wò. Òyà tó sanra ni. Wọ́n wo ata tí wọ́n lọ̀, wọ́n wo ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà, wọ́n rọ ohùn wọn sílẹ̀. Accra ni wọ́n bí ìyá mi sí, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́. Màmá ń kú lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi se ọbẹ̀ light soup, kí n gbé e fún wọn. Kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ọlọ́run mọ ìdí tí a fi ṣe é.”

“Ọlọ́run mọ̀,” ni bàbá mi wí. “Èmi náà sì mọ̀.”

“Ẹ̀ bá jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yè ná.”

“Ìyá Rísí, ìyá mi sọ pé ẹni tí àwọn mọ̀ ni kó dúńbú rẹ̀. Èmi ni wọ́n gbọ́kàn lé. Bí wọ́n bá jẹ èyí lónìí tí wọ́n sì yè, ẹni tí wọ́n gbọ́kàn lé á ti kú nínú ilé, wọn ò ní mọ̀.” Wọ́n gbé àpò náà fún Kofí pé kó máa gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kofí kò fẹ́ gbà á, ojú ń tì í. Yorùbá wa dàrú mọ́ ọn lẹ́nu lọ́jọ́ náà: ó ní ọdẹ kì í ro ìṣẹ́ ro ìyà kó má fẹ́nì kan jẹ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní òwe náà kò lọ báyẹn, àmọ́ kó máa lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sọ òótọ́ fún Ìyá Àgbà. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà tó kéré bíi ti ọmọdé: “O ṣeun tí o sọ fún mi.” Mo bú sẹ́kún nídìí ẹ̀rọ omi. Ìyá mi ni mo rò pé ó tọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, n kò sì fi pamọ́. Mo bínú sí bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò bá wọn nu bàtà wọn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e le. Ìyá Àgbà kò dìde kírun mọ́, orí ibùsùn ni wọ́n ti ń kí i. Bàbá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń wo páálí ara ògiri bí ẹni tó ń wo àwòrán ara rẹ̀ tó jọ ẹlòmíràn. Kofí tún wá. Ọlọ́mọyọyọ kò ní dára, ó ní. Àfi kí wọ́n sún mọ́ ọn gan-an, nígbà náà ọta wẹ́wẹ́ á kún inú ẹran, eyín mélòó ló kù lẹ́nu màmá? Bí wọ́n bá sì jìnnà, òyà á gbé ọta sára, á wọ koríko lọ kú síbi tí a kò mọ̀. Kúkúrú ló kù, èyí tí bàbá mi kì í fi han oníbàárà àfi tó bá béèrè. Àléébù tí wọ́n ń kà sí i lọ́rùn ni Kofí wá ń tò sílẹ̀ bí oore. Kò lágbára, nítorí náà kò ní pa á lójú ẹsẹ̀. Kò lè jìnnà, nítorí náà tipátipá ni wọ́n á fi sún mọ́ ẹran, ọ̀bẹ náà á sì wà nítòsí. Ó tọ́ tó láti bà á ní ìbàdí. Bàbá mi fetí sílẹ̀ bí ọmọ kéwú.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí ẹni tó tíì sọ, ìyá mi ló sọ ọ́. “Alhaji, ṣé ẹ lè dúńbú ẹran?” Àwa ọmọ wo ara wa. Ní ilé wa, Alfa tó ń kọ́ wa ní kéwú ló ń wá dúńbú adìẹ, òun náà ló ń dúńbú àgbò Iléyá, bàbá mi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa wo òkè. Mo ti rò pé ìbọ̀wọ̀ fún Alfa ni. Ní ọjọ́ Sátidé, Alfa wá kọ́ wọn. Ó fi bí wọ́n ṣe ń kọjú ẹran sí gábàsì hàn wọ́n, ibi tí ọ̀bẹ ń gbà, bí ọwọ́ kò ṣe gbọdọ̀ dúró lágbedeméjì. Wọ́n di adìẹ mú. Bàbá mi ní “Bísímílà,” wọ́n tún ní “Bísímílà,” ọwọ́ wọn gbọ̀n, adìẹ já gbà, ó sì sáré gba abẹ́ páìpù omi lọ sí ojúlé obìnrin ará Ga. Obìnrin náà gbé e padà wá láìrẹ́rìn-ín, torí gbogbo àgbàlá ti mọ ohun tó wà nílẹ̀. Alfa ló parí rẹ̀. Bàbá mi fọ ọwọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò kàn wọ́n.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ kejì. Kofí kò jẹ́ kí wọ́n fi tùràrí sára, ó tún ní kí wọ́n fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀, torí ó ń dún. Mo dì wọ́n mú nílẹ̀kùn, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ní, “Ẹ má ṣubú o.” Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi kò lọ ata. Kò tíì pé ọ̀sán tí wọ́n fi dé. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ bàbá mi láti àyà dé ìsàlẹ̀, mo sì kígbe kí n tó rí i pé kì í ṣe tiwọn. Kofí ń rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n fi àyà fà lórí ilẹ̀ bí alángbá, òun àti Alhaji, títí wọ́n fi ń gbọ́ bí òyà ṣe ń jẹ koríko. Ó ní Kúkúrú dún bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́, òyà jókòó lórí ìdí, bàbá mi sì ti wà lórí rẹ̀ kí òun tó dìde. Ó ní wọn kò gbọ̀n. “Bísímílà” tí wọ́n pè lé gbogbo màlúù sá lọ. Bàbá mi kò dúró gbọ́ ọ. Wọ́n lọ tààrà sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n fi aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ náà hàn wọ́n, wọ́n ní, “Ìyá, èmi ni. Ó ṣì ń mí.” Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan aṣọ náà. Wọ́n ní kí a gbé àwọn dìde, kí a fi ìrọ̀rí ti àwọn lẹ́yìn.

Gbogbo àgbàlá gbọ́ òórùn ọbẹ̀ yẹn. Ìyá mi jó irun òyà náà dànù lórí iná, wọ́n fá a, wọ́n gé e, wọ́n fi ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti ìyere díẹ̀ sè é, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí Ìyá Àgbà ṣe sọ ọ́ láti orí ibùsùn. Èmi ni mo gbé àwo náà wọlé. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ mu omi ọbẹ̀, wọ́n pa ojú dé. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ẹran, wọ́n fi àwọn eyín tó kù jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n mú òmíràn. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́nu ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú wọn. Mo wo ọ̀fun Ìyá Àgbà tó ń lọ sókè sódò, inú mi sì dùn débi tí mo fi gbàgbé pé mò ń bínú sí ẹnikẹ́ni.

“Súlè ńkọ́?” ni Ìyá Àgbà béèrè.

Bàbá mi wà ní pálọ̀. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ jàlábíà funfun, àwo kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín wà níwájú wọn, wọn kò tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n dìde wá, wọ́n dúró lẹ́bàá ibùsùn.

“Ẹja ni wọ́n ní o fẹ́ jẹ,” ni Ìyá Àgbà wí. “Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Tiyín ni mo pa á fún.”

“Mo bi ọ́ léèrè, kí ló dé?”

Bàbá mi wo ilẹ̀. “Ó ń wò mí, Ìyá. Láti ìgbà tí mo ti gbé e lọ́rùn sókè, èmi ló ń wò títí ojú rẹ̀ fi kú. Mo ti ta ọta láti ìgbà tí mo ti dé Accra. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń wo èèyàn. Mi ò lè jẹ ẹ́.”

Ìyá Àgbà jẹ èyí tó wà lẹ́nu wọn tán, wọ́n gbé e mì. Wọn kò bá bàbá mi wí, wọn kò sì rọ̀ wọ́n. Wọ́n ní, “Ó yẹ kó wò ọ́. Ta ni ì bá wò? Ìwọ lo wà níbẹ̀.” Wọ́n yan ẹran kan nínú àwo, ó gbóná, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àbúrò mi kékeré. “Orúkọ Ọlọ́run lo fi pa á, Súlè. Bí a bá pa á tán, tí a wá ń wò ó nínú àwo títí ó fi bàjẹ́, ìgbà náà gan-an ló di òkúǹbete. Kúnlẹ̀, ọwọ́ mi ò ga.”

Bàbá mi kúnlẹ̀, àwọn tí orí wọn ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtérígbà ilẹ̀kùn. Bí ọwọ́ Ìyá Àgbà ṣe ń bọ̀, omi ọbẹ̀ ń kán sórí jàlábíà funfun náà. “Bísímílà,” ni Ìyá Àgbà wí. Bàbá mi la ẹnu.